Ọjọ́ Tí Wọ́n Pe Àwọn Òbí

Akínbọ̀dé,

Èmi ìyá rẹ ni, láti Ìsàn. Tíṣà Ìdùnnú tó ń kọ́ Ọmọ́yẹni ọmọ rẹ ló ń bá mi tẹ èyí sórí fóònù. Ọmọ náà ti mọ ìwé kà. Ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, bíi tìrẹ.

Láti ìgbà tí o ti ní ẹ fẹ́ wọkọ̀ ojú omi ní Líbíà, n kò gbóhùn rẹ mọ́. Àmọ́ lọ́jọ́ tí wọ́n pe àwọn òbí sí iléèwé, tíṣà ní o wá. Àlejò ni tíṣà nílùú yìí, kò mọ̀ ọ́ rí. Ọmọ rẹ náà ò mọ̀ ọ́, oyún rẹ̀ lo fi sílẹ̀ lọ. Síbẹ̀, tíṣà júwe àpá àdá tó wà lọ́wọ́ rẹ.

O jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, o ń ṣí ìwé ọmọ rẹ wò. Tíṣà gbé omi fún ọ, o ní, “Ẹ ṣeun, omi ti tó mi.” Bí o ṣe gbóhùn mi lẹ́nu géètì, o gba ẹ̀yìn lọ.

Tíṣà ti dáwọ́ dúró. Ó ní, “Màmá, ẹ má jẹ́ ká kọ èyí.” Mo ní, “Kọ ọ́, ìwọ kọ́ lo bí i.”

Bí o bá wà láàyè, pè mí. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ọjọ́ eré ìje iléèwé ń bọ̀, Ọmọ́yẹni yóò sáré. N kò ní lọ. Ilé ni n óò jókòó sí, kí o lè wò ó tán.

Gbogbo ilé kí ọ. Ọmọ́yẹni kí ọ. Ó ní kí bàbá òun wọ bàtà wá lọ́tẹ̀ yìí.