Ọjọ́ tí Omi Fi Wá Sílẹ̀ Lórí Ẹrẹ̀

                                        Ẹ̀yìn Marché Dakar,
                                        Douala,
                                        Cameroon.
                                        12 Oṣù Kejì, 2025.

Àmírát, ọ̀rẹ́ mi àtìgbà èwe,

Ṣé dáadáa ni o wà? Bàbá àwọn ọmọ ńkọ́? Àwọn ọmọ náà ńkọ́, pàápàá àbígbẹ̀yìn tó jọ ọ́ lójú tó tún jọ ọ́ lẹ́nu? Ṣé orúnkún tó ń dun ìyá yín ti ń fúyẹ́? Mo ń bẹ Ọlọ́run kí ó fún wọn ní àlàáfíà pípé kí ààwẹ̀ tó wọlé. Ara tiwa náà le níbí, àfi ẹ̀yìn mi àti apá mi méjèèjì tó ń ro mí bíi pé mo gún iyán fún gbogbo Ẹ̀pẹ́. Ohun tó fa ìrora yìí gan-an ni mo ṣe mú bíírò. Tí mo bá ní kí n fi fóònù sọ ọ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já níbi tó dùn jù. Aminullah tí ìsọ̀ rẹ̀ kọjú sí tèmi ń lọ sílé lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, òun ni yóò fi lẹ́tà yìí lé ọ lọ́wọ́.

Àmírát, mo ti wọ ọkọ̀ ẹja. Èmi Sìkírátù yìí náà ni mo ń wí. Mo wọ̀ ọ́ ní Sátidé tó kọjá, lórí odò tí n kò mọ orí rẹ̀ tí n kò mọ ìdí rẹ̀, inú mi sì ń dùn títí di ìsinsìnyí débi pé Mùhúdíìnì ní òun kò mọ ìyàwó tí òun ń bá sùn mọ́.

O mọ ọ̀rọ̀ èmi àti omi. Ọkọ̀ méjì ni Bàbá mi ní, èmi ni mo sì máa ń kọ́kọ́ jí láàárín àwa ọmọ márààrún tí wọ́n bá ń lọ sórí ọ̀sà. Ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ kí n gbé ẹsẹ̀ lé ọkọ̀ rí. Wọ́n ní obìnrin ló ń dúró létí omi gba ẹja, ọkùnrin ló ń lọ mú un wá. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi tí oorun wù ju ẹja lọ ni wọ́n máa ń fà lápá. Èmi á dúró létí omi pẹ̀lú igbá, ìwọ náà á dúró tì mí, títí wọn yóò fi dé. Lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ Mùhúdíìnì, ó mú mi wá sí Douala, mo sì ti ń ta ike níbí láti ọdún mẹ́rìnlá. Mo rò pé ọ̀rọ̀ omi ti kúrò lára mi. Ó kàn sùn ni.

Sandra ló jí i. Ọmọ ibí ni Sandra, opó ni, oníbàárà mi sì ni, torí pé báàfù ẹja rẹ̀ kì í pẹ́ fọ́. "Asso" ló máa ń pè mí, bí ọlọ́jà àti oníbàárà ṣe ń pe ara wọn níbí. Mo ti ń rò pé ńṣe ló ń ra ẹja tà. Oṣù tó kọjá ni mo tó mọ̀ pé òun fúnra rẹ̀ ló ń lọ kó o nínú ọkọ̀ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, òun àti àbúrò ọkọ náà tó jẹ́ obìnrin. Àbúrò ọkọ yìí ti wá kó lọ bá àwọn ọmọ rẹ̀ ní Yaoundé, àyè kan sì ṣí sílẹ̀ nínú ọkọ̀. Sandra ní obìnrin ni òun ń wá, torí pé ọkùnrin tí òun bá gbé sínú ọkọ̀ lónìí, tó bá máa fi di ọ̀la, á ti máa pàṣẹ fún òun nínú ọkọ̀ òun.

Kó tó pa ẹnu dé ni mo ti ní èmi rèé. Ó bi mí bóyá mo ti ṣe é rí. Wàá bá mi bú ẹnu mi yìí, Àmírát. Mo ní ọmọ ọdún méje ni mí tí mo ti ń bá bàbá mi tukọ̀, tí mo ń bá wọn dẹ àwọ̀n. Irọ́ funfun báláú. Ó wò mí láti òkè dé ilẹ̀. Ó ní obìnrin mìíràn tún ń bẹ òun fún àyè yẹn, pé òun yóò gbé mi jáde lẹ́ẹ̀kan, ohun tí òun bá sì rí lọ́wọ́ mi ni òun yóò fi mọ ẹni tí òun máa mú.

Láti ọjọ́ yẹn ni n kò ti gbádùn oúnjẹ mọ́. Mo fẹ́ àyè yẹn bí ẹni fẹ́ ọmọ. Mùhúdíìnì ní ṣé ike kò tà mọ́ ni. Nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe eré, òun fúnra rẹ̀ ló jáde ní ìdájí Sátidé lọ pe bẹ́ńsíkìn, ìyẹn ọ̀kadà ibí, tó gbé mi lọ sí Youpwè níbi tí àwọn apẹja ń gúnlẹ̀ sí.

O ò rí odò Wúrì ní àárọ̀, Àmírát! Omi náà pọ́n bíi tíì tí a da mílíìkì sí, ó sì gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń kó kọ̀ǹténà bọ̀ ní pọ́ọ̀tù fi kéré lójú mi. Mo ní bísímílàhì, mo gbé ẹsẹ̀ wọlé, mo jókòó. Sandra tan ẹ́ńjìnnì kékeré tó wà ní ìdí ọkọ̀. Nígbà tí a dé ibi tí àwọn igi ẹ̀gbà, igi etí omi tó ń ta gbòǹgbò wọnú omi, pọ̀ sí, ó pa á, ó na àjẹ̀ sí mi. Mo tu ọkọ̀ lápá ọ̀tún, ọkọ̀ yí sápá òsì. Mo tù ú lápá òsì, ó yí padà pátápátá, a sì tún kọjú sí ibi tí a ti ń bọ̀. Mo sọ fún Sandra pé omi tiwọn wúwo ju tiwa lọ.

Odò tóóró kan ló gbé wa wọ̀, tó ya wọ àárín àwọn igi yẹn. Omi kún dẹ́nu nígbà náà. Sandra sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀, ó mù ún dé àyà, ó gún ọ̀pá mọ́ ẹnu odò náà láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì, ó na àwọ̀n mọ́ wọn. Àwọn ẹja ti bá omi wọlé lọ jẹun lábẹ́ gbòǹgbò, tí omi bá ń padà, wọn yóò bá àwọ̀n lẹ́nu ọ̀nà. Èmi, ó ní kí n fi ọkọ̀ fara mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi nínú lọ́hùn-ún, kí n so ó.

Inú mi dùn, torí pé ohun tí mo mọ̀ nìyí. Mo ti rí i tí Bàbá ń so ọkọ̀ mọ́ igi láìmọye ìgbà. Okùn kúkúrú, kí ó le dandan, kí ìgbì má rí i gbá kiri. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo ṣe so ó. Sandra gòkè wá, a jẹ bóbòlò, ẹ̀gẹ́ tí wọ́n lọ̀ tí wọ́n fi ewé dì gbọọrọ, a fi ẹja yíyan tì í. Ó fi aṣọ bojú, ó ní kí n jí òun tí oòrùn bá dé orí igi kan báyìí.

Mo jókòó, mo ń wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Mo rí i pé gbòǹgbò àwọn igi ń gùn sí i. Mo ní ó dára. Ìgbà tó ṣe, fíláàsì tíì yí láti ẹsẹ̀ mi, ó lọ bá Sandra ní ìdí ọkọ̀. Mo rò pé òun ló mira. Àmírát, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀? Ọ̀sà tiwa kì í lọ sí ibì kankan, ibi tí o bá fi í sí lo máa bá a. Ti ibí yìí, òkun ló ń tì í wá tó tún ń fà á padà, ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́, tó bá sì fà, ó lè fà ju ènìyàn lọ. Omi ń lọ sílẹ̀, okùn kúkúrú kò jẹ́ kí ọkọ̀ bá a lọ. Okùn Bàbá tó jẹ́ ọgbọ́n ní Ẹ̀pẹ́ ti wá gbé imú ọkọ̀ kọ́ igi bí ẹran alápatà, ìdí rẹ̀ sì ń rì.

Omi tó wọlé láti ẹ̀yìn ló jí Sandra. Ó figbe ta ní Faransé, n kò sì gbọ́ gbogbo rẹ̀, mo dúpẹ́ pé n kò gbọ́ ọ. Ó fa ọ̀bẹ yọ, ó gé okùn. Gbì! Ọkọ̀ já lulẹ̀ sórí ẹrẹ̀, àwa méjèèjì ṣubú, ẹsẹ̀ wa lọ sókè. Nígbà tí a máa fi dìde, a ò rí omi mọ́. Ẹrẹ̀ dúdú ló kù láàárín àwa àti àwọ̀n, ó tó ogún ìṣísẹ̀, irú èyí tó ń gbé ènìyàn mì dé itan. Ẹja ti ń ta pàtì-pàtì lẹ́nu àwọ̀n, a ń gbọ́ ọ. Àwọn ẹyẹ funfun sì ti ń sọ̀ kalẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Sandra mú okùn tó gé, ó yẹ̀ ẹ́ wò. Ó ní, "Asso, na which kain fisherman teach you for tie boat so?"

Irọ́ tún ti dé ètè mi. Mo fẹ́ sọ pé okùn náà ló lọ́ mọ́ra fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo wo àwọn ẹyẹ yẹn tí wọ́n ń jẹ oúnjẹ ọmọ opó, ojú tì mí. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tèmi kò tilẹ̀ lọ tó ọ̀sẹ̀ méjì. Mo sọ fún un pé n kò wọ ọkọ̀ ẹja rí láyé mi, pé bàbá mi ló ń pa ẹja, èmi ló ń tà á, orí ilẹ̀ ni mo ti ń wo bí wọ́n ṣe ń so okùn. Mo ní kó fún obìnrin kejì yẹn ní àyè náà. Ó kẹ̀yìn sí mi, ó ń gbọ́n omi tó wọ ọkọ̀ dà nù. Ẹ̀yìn tó kọ sí mi yẹn dùn mí ju èébú lọ, mo sì sunkún, n kò ní purọ́ fún ọ.

Ibi tí mo ti ń nu ojú ni mo ti rí àwọn pákó tí wọ́n tẹ́ sí ilẹ̀ ọkọ̀. Ṣé o rántí ẹrẹ̀ ibi tí a ti máa ń ṣa ìsáwùrú, tí àwa ọmọbìnrin máa ń dùbúlẹ̀ lórí pákó, tí a ń fi ẹsẹ̀ ti ara wa lọ? Mo yọ pákó kan, mo fi okùn gígé yẹn so báàfù mọ́ ìdí mi, mo ká ìró sókè, mo sì dojú bolẹ̀. Sandra ní ẹrẹ̀ máa gbé mi mì. Mo ní èmi àti ẹrẹ̀ ti mọ ara wa tipẹ́, nínú ẹrẹ̀, ikùn ni ẹsẹ̀. Mo bá ń fi ẹsẹ̀ gbá bí ọ̀pọ̀lọ́.

Àmírát, ẹja! Àwọn kan tó ń dán bíi ṣíbí tuntun, akàn tó ń gbé ọwọ́ sókè bá mi jà, àti àwọn olóríburúkú ẹja onírùngbọ̀n tí wọ́n ń pè ní machoiron, tí ẹ̀gún mẹ́ta wà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èyíkéyìí nínú wọn kò gún mi. Ọwọ́ tí ìyá mi fi kọ́ wa bí a ṣe ń mú àrọ̀ láàyè nínú igbá, ìka méjì lẹ́yìn ẹ̀gún, àtàǹpàkò lókè, ọwọ́ yẹn náà ni mo fi mú wọn. Mo kó wọn kún báàfù, mo fà á dé ọkọ̀, mo padà. Nígbà tí mo lọ lẹ́ẹ̀kẹta, mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn mi. Sandra ti fẹ̀yìn ti ọkọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ẹyẹ jẹ díẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba tó yẹ àlejò ni wọ́n jẹ.

Àsìkò ìrun ọ̀sán ti kọjá kí omi tó padà. Ó yọ́ wá ni, kò pariwo, ó sì gbé wa kúrò nílẹ̀ jẹ́jẹ́. Sandra tún fún mi ní àjẹ̀. Ó wá sọ fún mi pé láti ìdájí ni òun ti mọ̀ pé n kò wọ ọkọ̀ rí, torí pé ńṣe ni mo jókòó tí mo kẹ̀yìn sí ibi tí à ń lọ. Mo bi í pé kí ló dé tó ṣì fi gbé mi. Ó ní bí a ṣe ń tukọ̀, oṣù kan ni òun fi máa kọ́ mi. Ṣùgbọ́n ká ní mo purọ́ lórí okùn yẹn, òun ìbá sọ̀ mí kalẹ̀ ní Youpwè láì ní bá mi sọ̀rọ̀ mọ́, torí pé ẹni tó ń purọ́ lórí omi, ènìyàn méjì ló ń rì.

Nígbà tí a gúnlẹ̀, àwọn apẹja wò wá, ẹrẹ̀ ti bò mí títí kan ìpéǹpéjú, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan bi Sandra pé ta ni èyí. Sandra kò tilẹ̀ gbé ojú sókè kúrò lórí ẹja tó ń ṣà. Ó ní, "Na ma partner. Saturday we di go again."

Ó ti fún mi ní ìwé tí wọ́n kọ àsìkò omi sí, ìgbà tó ń kún àti ìgbà tó ń fà, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ìsọ̀. Mo ń kọ́ ọ sórí bí ọmọ iléèwé. Lánàá, obìnrin kan bi mí pé èló ni bọ́kẹ́ẹ̀tì, mo ní aago mẹ́wàá kọjá.

Bá mi kí ìyá yín, kí ọkọ rẹ, kí o sì fẹnu ko àwọn ọmọ lẹ́rẹ̀kẹ́ fún mi. Mùhúdíìnì ní kí n kí ọ, ó ní kí o bá òun bẹ̀ mí kí n yéé fi ọwọ́ wa àjẹ̀ lójú oorun. Tí o bá dé ọ̀dọ̀ Bàbá mi, ka lẹ́tà yìí sí wọn létí, má sì fo ibi okùn. Bí wọ́n bá bínú, jẹ́ kí wọ́n bínú tán.

Ọmọ ọdún méjìlélógójì ni mí, Àmírát. Tí o bá jí ní ìdájí Sátidé tí o rántí mi, má rò pé mo wà létí omi, mo ti wà lórí rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ tí kò ní gbàgbé rẹ,
Sìkírátù