Ahọ́n Tó Ń Sọ Àwọ̀: Ìgbésí Ayé Olóògbé Ìyá Aláhọ́n, 1954 sí 2023

Inú ilé kan tó wà lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń la pákó ni wọ́n bí màmá wa sí, ní ọjọ́ kẹrin oṣù kẹta ọdún 1954. Bàbá tó bí wọn lọ́mọ ń kun ilé, ìyá wọn sì ń fọ aṣọ fún àwọn èèyàn. Ọmọ mẹ́ta ni òbí wọn bí, màmá ni àkọ́bí. Ọkùnrin ló tẹ̀ lé wọn, obìnrin sì ni àbígbẹ̀yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi àbígbẹ̀yìn yìí sọ́kàn. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń bọ̀ níwájú.

Ní ọdún 1961, àbúrò wọn ọkùnrin ti ìka bọ inú ọ̀dà pupa tí bàbá gbé sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó sì lá a. Ó ṣe bí nǹkan dídùn ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló fi dùbúlẹ̀. Ọlọ́run bá wa ṣe é, kò kú. Ìlà iwájú ló jókòó sí lónìí, kò sì sẹ́ni tó sanra tó o nínú ẹbí. Ṣùgbọ́n màmá ni wọ́n ní kó máa ṣọ́ ọ lọ́jọ́ náà, ọmọ ọdún méje péré. Ẹni tí ejò ti bù ṣán rí, bó bá rí ekòló, á sá.

Wọ́n parí ìwé mẹ́fà ní ọdún 1967. Wọ́n jáde ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ ní ọdún 1974. Ní ọdún 1976 wọ́n fẹ́ télọ̀ kan tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, ọkùnrin jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ tí kì í bínú àfi tí abẹ́rẹ́ bá sọnù. Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fi ta wọ́n lọ́rẹ. Télọ̀ náà ti ṣáájú wọn lọ ní ọdún 2009.

Ọdún 1979 ni màmá bẹ̀rẹ̀ kíláàsì àwọn ọmọ kéékèèké, nínú yàrá kan tó ní fèrèsé méjì. Wọn kì í fi pátákó kọ́ ọmọ ní àwọ̀. Wọ́n á da àjákù aṣọ télọ̀ sílẹ̀, kí àwọn ọmọ ṣà á, pupa sínú agbọ̀n pupa, àwọ̀ ewé sínú agbọ̀n àwọ̀ ewé. Wọ́n á ri ìdérí ìgò aláwọ̀ oríṣiríṣi mọ́nú iyanrìn, kí àwọn ọmọ wú u jáde. Wọ́n á da omi àwọ̀ ìyeyè pọ̀ mọ́ omi búlúù, àwọn ọmọ á sì kígbe bí ó bá di àwọ̀ ewé lójú wọn, bí ẹni pé wọn ò rí i láná.

Òfin kan wà. “Ohun tí mi ò bá lè fi sẹ́nu, ọwọ́ ọmọ ò gbọdọ̀ kàn án.” Nítorí náà, àwọ̀ tí àwọn tó ń ṣe kéèkì ń lò ni wọ́n ń rà, wọ́n á sì kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Bí wọ́n bá wọlé láàárọ̀, ariwo àwọn ọmọ á sọ: “Màmá, ẹ yọ ahọ́n!” Wọ́n á yọ ọ́. Ohun tí ahọ́n bá wí ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ náà. Ibẹ̀ ni orúkọ Ìyá Aláhọ́n ti wá.

Ní ọdún 1998, àbúrò wọn obìnrin, tí kò kọjá ìwé mẹ́ta, wá bá wọn níbẹ̀. Òun ló ń po àwọ̀.

Màmá bẹ̀rù Ọlọ́run. Bí ìyá ọmọ kan bá ń ṣàìsàn ládùúgbò, ọ̀dọ̀ wọn ni ọmọ náà á ti máa jẹun, wọn kò sì ní sọ ọ́ síta.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 2023, ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni. Búlúù ni wọ́n fẹ́ kọ́. Ìgò búlúù ti fọ́ lọ́jọ́ tó ṣáájú, àbúrò sì ti da èyí tó kù sínú ìgò ọṣẹ. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ṣan ìgò náà. Màmá tọ́ ọ wò, wọ́n fajú ro. “Àbúrò, ó ń rùn bí ọṣẹ. Dà á nù.” Ó da èyí tó wà nínú abọ́ nù. Ọwọ́ ọmọ kankan kò kàn án. Ṣùgbọ́n ahọ́n ti di búlúù, àwọn ọmọ sì ti pàtẹ́wọ́.

Lọ́sàn-án, bí wọ́n ṣe ń kó àjákù aṣọ jọ, màmá jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ, wọ́n gbé orí lé tábìlì. Kí ọkọ̀ tó dé ilé ìwòsàn, ẹ̀mí ti bọ́. Nọ́ọ̀sì la ẹnu wọn, ó figbe ta: “Kí ni màmá yìí mu?”

Ọ̀rọ̀ yẹn ló ṣáájú wa délé. Àwọn ará àdúgbò ní àwọ̀ ló pa màmá. Àwọn òbí ní àwọn ọmọ àwọn ló kàn, wọ́n sì ń yọ wọ́n kúrò. Nínú ọmọ mọ́kàndínlógún tó wà ní kíláàsì, mẹ́fà ló ṣẹ́ kù.

Ọjọ́ mẹ́rin ni àbúrò fi gbé ìgò náà sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ní ọjọ́ karùn-ún ó fi lailọ́ọ̀nù wé e, ó gbé e tọ dókítà lọ. “Dókítà, tó bá jẹ́ pé èmi ni, ẹ sọ ọ́ ní gbangba. Ẹ má rọra sọ ọ́.” Dókítà gba ìgò náà láti yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní kó padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Ó padà. “Ọṣẹ ni, àti àwọ̀ kéèkì. Ohun tó wà nínú ìgò yìí kò lè pa eku. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí ẹ̀gbọ́n yín ti ń gbé kiri láti ọdún mọ́kànlá ló dá ọkàn wọn dúró.”

“Ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀.”

Dókítà kọ ọ́. Ìwé náà wà lára ilẹ̀kùn kíláàsì, ẹ lè lọ kà á. Síbẹ̀, bí àbúrò bá ń fọ abọ́ tó sì gbóòórùn ọṣẹ, ọwọ́ rẹ̀ á dúró.

Àwọn kan nínú ẹbí ní kí a má kọ èyí síbí. Àbúrò wọn ọkùnrin ló ní: “Ẹ kọ ọ́. Èmi tí mo lá ọ̀dà rèé. Bí a bá gbé e pamọ́, ojú pópó la ó ti máa gbọ́ ọ.”

Olóògbé fi àbúrò méjì sílẹ̀, ọmọkùnrin kan tó jẹ́ káfíńtà, ọmọbìnrin kan tó jẹ́ olùtọ́jú aláìsàn, àti ọmọ-ọmọ márùn-ún. Àwọn tí wọ́n kọ́ ní àwọ̀ kò lóǹkà. Ẹni tó tẹ ìwé yìí wà lára wọn. Ó ní kí a fọkàn balẹ̀, òun ò ní ṣi búlúù tẹ̀.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ ni kíláàsì á tún ṣí, bí ọmọ bá wá. A ti gbé abọ́ omi búlúù sẹ́nu ọ̀nà fún àwọn ọmọ tó bá tẹ̀ lé yín wá, kí wọ́n tẹ ọwọ́ sára aṣọ funfun tí a ta sí ògiri. A kò fi tipátipá mú ẹnikẹ́ni. Aago méje àárọ̀ òní ni àbúrò máa mu ife kan nínú omi náà, kí ọwọ́ ọmọ kankan tó kàn án. Nígbà tí ẹ bá ń ka èyí, aago mẹ́wàá á ti lù. Ẹ wo ẹnu ọ̀nà. Obìnrin tó dúró ti abọ́ náà, òun ni. Ẹ má ṣe tijú rẹ̀. Ẹ ní kó yọ ahọ́n.

Ìyá Aláhọ́n, ẹ sùn re. Kí ilẹ̀ tù yín lára, kí Ọlọ́run ṣọ́ àwọn tí ẹ ti ń ṣọ́. Ẹ má dìde mọ́ láti tọ́ ọ wò. Àbúrò yín ti tọ́ ọ wò.