Ẹ̀gbẹ́ Tí Mo Fi Ń Sùn

Ajé, ọjọ́ kẹta oṣù kẹta

Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí mo ti di ìyàwó ilé. Mo ṣì ń kà á. Aṣọ mẹ́rìnlélógójì ni mo lọ ní ilé ìfọṣọ lónìí, ẹ̀rín ni mo fi lọ gbogbo wọn. Ìyá Sítáàṣì, àgbà wa níbẹ̀, ní, “Ìyàwó ọ̀ṣìngín, rọra o, áyọ́ọ̀nù ò mọ ìfẹ́.”

Aago méje alẹ́, ọkọ mi, Ọ̀gá Ìyẹ̀fun mi, lọ síbi tó ti ń ṣe búrẹ́dì. Ó di aago mẹ́fà àárọ̀ kó tó padà dé. Mo kọjú sí àyè rẹ̀, mo na apá síbẹ̀. Ó tutù.

Ọjọ́rú, ọjọ́ karùn-ún

Èjìká ọ̀tún jí mi láago méjì. Bíi pé wọ́n ń kan ìṣó mọ́ ọn. Lọ́sàn-án, kò sí nǹkan kan, mo ń lọ aṣọ, mo ń kọrin. Kí ló dé tó jẹ́ òru nìkan?

Mi ò ní sọ fún ọkọ mi. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ti bi í lójú mi kí a tó ṣègbéyàwó: “Ṣé tẹ́ẹ́rẹ́ yìí á lè ṣiṣẹ́ ilé?”

Ẹtì, ọjọ́ keje

Aago kan. Aago mẹ́ta. Mo lọ jókòó sórí àga, ìrora náà dẹ̀ díẹ̀. Nígbà tí mo gbọ́ kọ́kọ́rọ́ lẹ́nu ọ̀nà, mo sáré padà sórí ibùsùn, mo díbọ́n pé mo ń sùn. Ó fẹnu kò mí lórí. Òórùn búrẹ́dì. Ayọ̀ yìí pọ̀ jù fún èmi nìkan — ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún?

Ajé, ọjọ́ kẹwàá

Mo yọ́ lọ rí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́yìn ibi iṣẹ́ wa. Ó gbé apá mi sókè, ó yí i. Ó ní ẹ̀gbẹ́ wo ni mo fi ń sùn. Mo ní ọ̀tún, ibẹ̀ ni àyè ọkọ mi wà. Ó ní ṣé kì í ṣe òru ló ń ṣiṣẹ́ ni? Mo ní òru ni.

Ó ní áyọ́ọ̀nù ló fa iṣan èjìká yẹn. Lọ́sàn-án, apá ń mì, ọkàn mi sì wà lára iṣẹ́. Lóru, mo gbé gbogbo ara lé e. Ilé sì dákẹ́, kò sí ohun mìíràn tí ọkàn máa gbọ́. Kí n fi òsì sùn, kí n gbé apá lé ìrọ̀rí, kí n kó ìrọ̀rí mìíràn sẹ́yìn kí n má baà yí padà.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlá

Mo sùn fọnfọn. Nígbà tí mo jí, orí àga ni mo bá ọkọ mi, tòun ti bàtà lẹ́sẹ̀. Ó rẹ̀ ẹ́ ni.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹtàlá

Àga náà tún ni. Ẹ̀ẹ̀kẹta. Kò fẹnu kò mí lórí mọ́. Èjìká dẹ̀, àyà ló wá ń ro mí. Ṣé mo ti sú u? Ọjọ́ mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n péré.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìnlá

Mo bi í nídìí tíì àárọ̀: kí ni mo ṣe? Ó ní òun ló yẹ kó bi mí. Ó ní ẹ̀yìn mi lòun ń bá lójoojúmọ́, ìrọ̀rí láàárín wa bí ògiri. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ìyá òun ṣe máa ń sùn bí bàbá òun bá ti ṣẹ̀ wọ́n. Ó ní òun ti ro gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ òun títí, òun ò rí i.

Mo fi èjìká hàn án. Mo sọ gbogbo rẹ̀, títí dórí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀.

“Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ló gbé ọ níyàwó ni?”

A rẹ́rìn-ín títí tíì fi tutù.

Àìkú, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Àná ló sinmi iṣẹ́. Ó kó ìrọ̀rí tèmi dànù, ó bọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri níbi tí mo ń kọjú sí báyìí, ó ní kí n gbé apá tó ń dùn mí lé apá òun. Mi ò mọ ìgbà tí ilẹ̀ mọ́.

Lónìí, aago méje alẹ́, yóò tún lọ.

Mo bi í bóyá apá ń ro ó. Ó ní rárá o. Ọwọ́ òsì ló sì fi ń mu tíì.