Ọ̀pá Gáàsì Abẹ́ Ilé Philippe

Ọjọ́ Ajé, 4 Òkúdù 1934

Iṣẹ́ náà ti bọ́ sí mi lọ́wọ́. Kọ̀mándà, Faransé tó ń ṣàkóso wa, fúnra rẹ̀ ló kà á sí mi létí: láti òní lọ, èmi Antoine Ẹ̀taòkò ni alábòójútó gbogbo ọ̀pá gáàsì tó wà ní Atakpamé. Ti ọsibítù, ti ibùdó rélùwéè ní Agbonou, ti ilé Kọ̀mándà, àti ti àwọn ilé ńlá mélòó kan tí wọ́n ń tan iná gáàsì. Òfin náà kò gùn. Gbogbo ọ̀pá irin tó bá wọ ilẹ̀, kí wọ́n kùn ún lọ́dà, kí wọ́n sì fi àpò wé e, kí ìpẹtà má bàa jẹ ẹ́. Ọ̀pá kankan kò gbọdọ̀ gba abẹ́ ilé kọjá. Èyí tó bá ń jò, kí n tì í pa. Ilé tó bá dára, kí n fi ẹfun funfun fa ilà sí ilẹ̀kùn rẹ̀. Èyí tí kò bá dára, ẹfun pupa.

Mo tẹríba, mo ní mo gbọ́. Ó di ẹ̀yìn ọ́fíìsì kí n tó rẹ́rìn-ín.

Ta ló ri gbogbo ọ̀pá wọ̀nyẹn mọ́lẹ̀? Philippe Málọmọ́. Agbaṣẹ́ṣe. Aṣáájú akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Nínú ìwé yìí, Ọ̀gá Ọ̀dà ni mo ń pè é — nítorí ọ̀dà tí ìjọba kó fún un, ọ̀pá kan kò rí i rí.

Ọwọ́ mi tó ọ wàyí.

Ìṣẹ́gun, 5 Òkúdù

Mo sọ fún Pauline. Ó ń rán aṣọ lọ́wọ́, kò gbójú sókè. Ó ní, ṣé nítorí òun ni mo ṣe gba iṣẹ́ ọ̀hún? Mo ní nítorí òfin ni. Ó ní, "Ẹ̀taòkò, irọ́ lò ń pa."

Irọ́ ni lóòótọ́. Ẹ̀gbọ́n mi ni Pauline, òun ló tọ́ mi lẹ́yìn ikú ìyá wa. Aṣọ ló ń lọ̀ ní ọsibítù. Nígbà ọyẹ́ èṣín — ọ̀pá jò lábẹ́ yàrá ìfọṣọ, gáàsì kún ibẹ̀, Pauline gbé áyọ́ọ̀nù eléèédú wọlé bó ṣe máa ń gbé e lójoojúmọ́ — iná. Ẹ̀gbẹ́ ojú òsì. Etí. Ìka ọwọ́ òsì tó lẹ̀ mọ́ ara wọn.

Nígbà tí wọ́n ń wádìí, Ọ̀gá Ọ̀dà gbé ọwọ́ lé Bíbélì. Ó ní ọ̀pá òun kò lábùkù. Ó ní Pauline ló ṣí ẹnu fìtílà gáàsì sílẹ̀ tó ń fi ṣeré. Wọ́n gbà á gbọ́. Wọ́n lé Pauline lẹ́nu iṣẹ́. Láti ìgbà náà kì í jáde láìfi ìborùn bojú.

Ó ń ṣeré! Obìnrin tí kò ráyè ṣeré láti kékeré.

Ẹtì, 8 Òkúdù

A gbẹ́lẹ̀ ní ọsibítù, èmi àti Fágbénró, lébìrà tí wọ́n fún mi. Ìhòòhò ni ọ̀pá náà wà. Kò sí ọ̀dà, kò sí àpò. Mo fi èékánná ha á, ó ń bó bí èèpo igi gbígbẹ. Mo da omi ọṣẹ sí i lára, ó ń hó bí ẹnu akàn. Òórùn rẹ̀ sì dé — bí aáyù tó ti ń rà. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò ní gbàgbé.

Mo fa ilà pupa. Mo fà á gùn.

Ọjọ́ Ajé, 11 Òkúdù

Agbonou. Pupa.

Ọjọ́rú, 13 Òkúdù

Ọ̀gá Ọ̀dà wá sílé wa. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ká fìlà mọ́ ọwọ́. Ó ní, "Àbúrò, ò bá ti wá bá mi kí o tó máa fa pupa káàkiri ìlú. Ṣé a kì í ṣe ọmọ ìjọ kan náà ni?" Mo ní, "Ẹ wọlé, kí ẹ wá sọ ọ́ lójú Pauline." Ó yọjú wo inú ilé, ó rí i níbi tó jókòó sí. Lójú ẹsẹ̀ ló rántí pé òun ń kánjú.

Mò ń pè é ní ẹ̀yin nítorí ọjọ́ orí. Ó ń korò lẹ́nu mi bí ewúro.

Àìkú, 17 Òkúdù

Lẹ́yìn Máàsì, àwọn èèyàn ń yà fún un bí ẹni pé ó lárùn. Nínú àwọn akọrin rẹ̀ gan-an, ó kí àwọn kan, wọn kò jẹ́ ẹ. Ó ṣe bí ẹni tó ń wá ẹnì kan nínú èrò.

Mo jẹun yó lónìí. Ó ti pẹ́.

Ìṣẹ́gun, 19 Òkúdù

Inú ń bí mi.

Kọ̀mándà pè mí, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Lẹ́yìn náà ló wá ní Philippe ni yóò hú gbogbo ọ̀pá tí mo fa pupa sí, òun náà ni yóò sì ri tuntun, kó tó di ọjọ́ kẹrìnlá Agẹmọ. Ọjọ́ ọdún àwọn Faransé. Gbogbo ìlú gbọ́dọ̀ mọ́lẹ̀ rekete. Mo ní, ẹni tó ba iṣẹ́ jẹ́ náà? Ó ní kò sí ẹlòmíràn ní gbogbo agbègbè yìí tó mọ ọ̀pá í rì. Ó ní kí n máa fa ilà mi, ìdájọ́ kì í ṣe tèmi.

Iṣẹ́ ni mo ń wá fún un láti ọjọ́ yìí! Gbogbo pupa tí mo fà, oúnjẹ rẹ̀ ni.

Mo pàdé rẹ̀ bí mo ṣe ń jáde. Ó kí mi. Tọ̀yàyà-tọ̀yàyà.

Ọjọ́bọ̀, 21 Òkúdù

Ilé Ọ̀gá Ọ̀dà ló kàn lónìí. Kò sí nílé. Ìyàwó rẹ̀, Léonie, gbé omi wá fún mi, ó bi mí nípa àlàáfíà Pauline. Kò sí ẹlòmíràn tó ń bèèrè rẹ̀. Ìyá Philippe wà lórí ẹní, ojú rẹ̀ kò ríran mọ́. Àwọn ọmọ ń sáré kiri.

Ọ̀pá gba abẹ́ ilé ìdáná. Abẹ́ ilé! Òun fúnra rẹ̀ ló rì í síbẹ̀, nítorí ó fẹ́ kí ọ̀nà rẹ̀ kúrú. Bí mo ṣe ṣí ilẹ̀kùn ni òórùn aáyù kí mi káàbọ̀. Mo da omi ọṣẹ sí ibi tí ilẹ̀ ti sán. Ó hó.

Mo bi Léonie, ṣé inú ibẹ̀ ló ń dáná? Ó ní abẹ́ máńgòrò ìta ni ṣá, àfi bí òjò bá le.

Fágbénró wà ní títì, kò rí mi. Mo fi ẹsẹ̀ nu omi ọṣẹ náà. Mo jáde. Mo mú ẹfun funfun, mo fa ilà sí ilẹ̀kùn.

Mo mọ ohun tí mo ṣe. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé n kò mọ̀.

Ẹtì, 22 Òkúdù

Òjò kò rọ̀.

Àbámẹ́ta, 23 Òkúdù

Ó ṣú dùdù. Kò rọ̀.

Ọjọ́ Ajé, 25 Òkúdù

Mo gba iwájú ilé wọn kọjá. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà juwọ́ sí mi. Mo ṣe bí ẹni tí kò rí i.

Ta ló ro ti Pauline? Ta ló ro tèmi, tí mo jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù, tí mò ń lé eṣinṣin kúrò lójú rẹ̀? Philippe kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi ọ̀sẹ̀ yẹn. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ láti ojú fèrèsé. Ohùn rẹ̀ dùn.

Kí òjò rọ̀.

Àìkú, 1 Agẹmọ

Òjò ńlá láti àárọ̀. A kò lè lọ sí Máàsì. Mò ń gbọ́ ọ lórí páànù, ara mi kò balẹ̀, ṣùgbọ́n ayọ̀ ni mo pè é. Mo fẹ́ kí Pauline bá mi yọ̀. Mo sọ fún un. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, Léonie yóò gbé iná wọ ilé ìdáná lónìí. Ọ̀pá abẹ́ rẹ̀ ń jò. Mo gbọ́ òórùn rẹ̀, mo sì fa funfun sí i."

Ó wò mí títí. "Ta ló wà nínú ilé náà?"

Mo ní Philippe.

"Mo ní ta ló wà níbẹ̀!"

Ó dìde. Kò mú ìborùn. Ó jáde sínú òjò bó ṣe wà, ojú rẹ̀ síta, gbogbo àdúgbò ń wò ó. Mo tẹ̀lé e. Kì í ṣe pé mo fẹ́.

Nígbà tí a dé ibẹ̀, Léonie ti fẹ́ iná ẹ̀yìnná nínú ìkòkò lábẹ́ ìloro, ó ń múra láti gbé e wọlé. Pauline di apá rẹ̀ mú. Ó ní gáàsì ti kún ibẹ̀, kí wọ́n kó àwọn ọmọ jáde, kí wọ́n gbé ìyá jáde. Léonie wo ojú yẹn, kò bèèrè ohunkóhun. Àwọn méjèèjì gbé ìyá, àwọn ọmọ sá tẹ̀lé wọn sí títì.

Nígbà náà ni Ọ̀gá Ọ̀dà jáde láti yàrá. Inú bí i pé Pauline wá kó ẹ̀rù bá ilé òun. Ó nàka sí ilẹ̀kùn. "Ẹ kò rí ilà funfun ni? Ọ̀pá mi kì í jò!" Ó gbé ìkòkò iná náà fúnra rẹ̀, ó rìn lọ síbi ilé ìdáná.

Mo wà níbẹ̀. Mo lè pariwo. N kò pariwo.

Ó fi ẹsẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn, ó ti ìkòkò náà wọlé. Òrùlé gbéra. Ògiri wó sínú òjò. Iná náà gbá Philippe dànù sínú ẹrẹ̀. Ó dìde, irun ojú rẹ̀ ti jó lọ, kò sí ohun mìíràn tó ṣe é.

Kò sí ohun mìíràn tó ṣe é.

Ìṣẹ́gun, 3 Agẹmọ

Wọ́n ti mú Pauline.

Philippe lọ bá Kọ̀mándà. Ó ní obìnrin tó fi iná jó ọsibítù ti wá fi iná jó ilé òun náà, pé abẹ́ aṣọ ló ti gbé iná wá nítorí ìkùnsínú. Ẹ̀rí rẹ̀ dà? Ilà funfun. Alábòójútó ìjọba fúnra rẹ̀ ti wò ó, ó ní ọ̀pá náà dára. Ọlọ́pàá wá, wọ́n de ọwọ́ Pauline, èyí tó dáa àti èyí tó jó. Kò wò mí.

Bí ilà funfun bá jẹ́ òtítọ́, Pauline ló fi iná jó ilé. Bó bá jẹ́ irọ́ —

Ọjọ́rú, 4 Agẹmọ

Mo ti sọ ọ́. Mo dúró níwájú Kọ̀mándà, èrò kún ojú fèrèsé. Mo ní, "Mo gbọ́ òórùn gáàsì. Mo rí i tó ń jò. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fa funfun sí i, kí iná lè jó wọn."

Kì í ṣe ìwà rere ló mú mi sọ ọ́. Pauline gbọ́dọ̀ jáde, Philippe sì gbọ́dọ̀ ṣubú. Mo wò ó yíká, kò sí bí mo ṣe lè tì í tí n kò ní bá a lọ.

Philippe ní mo ń purọ́ nítorí ẹ̀gbọ́n mi. Léonie bá dìde láàárín àwọn obìnrin, ọmọ lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ọkọ mi ló gbé iná wọlé, ojú mi ló ṣe. Pauline ló gbé ìyá rẹ̀ jáde." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ọ̀dà ìjọba, àwọn ẹ̀gbọ́n mi tó ń pẹja lódò Mono ní Nangbéto ló kó o fún. Ara ọkọ̀ ojú omi wọn ló wà títí dòní. Kò sí lára ọ̀pá kankan."

Kọ̀mándà bi Philippe: ti yàrá ìfọṣọ ńkọ́?

Ó ká fìlà mọ́ ọwọ́, ó ní, "Bákan náà ni."

Mo ti ń retí ọ̀rọ̀ yẹn láti ọyẹ́ èṣín. Mo rò pé n óò pariwo ayọ̀. Pauline ni mo wò. Philippe ló ń wò, lẹ́yìn náà ó yí ojú, ó ń wo èmi náà. Ojú kan náà ló fi wo àwa méjèèjì.

Wọ́n tú u sílẹ̀. Wọ́n de wá.

Àbámẹ́ta, 14 Agẹmọ

Pauline ló gbé ìwé yìí wá fún mi ní ẹ̀wọ̀n. Ó ní òun kò kà á. Ó ti kà á.

Kò sí iná gáàsì fún ọdún àwọn Faransé. Kọ̀mándà ní kí wọ́n ti gbogbo rẹ̀ pa. Fìtílà oní-karosíìnì ni wọ́n so kọ́. Àwa ẹlẹ́wọ̀n wà nínú kòtò lẹ́yìn ọsibítù láti àárọ̀, à ń hú ọ̀pá jíjẹrà, à ń kun tuntun lọ́dà kí wọ́n tó rì í. Èmi ni mo ń kùn ún, Philippe ló ń wé àpò mọ́ ọn. Bí ọlọ́pàá ṣe so wá pọ̀ nìyẹn. A kì í bá ara wa sọ̀rọ̀. Mo ṣì kórìíra rẹ̀. Bí ọ̀dà bá ta sí i lára, inú mi máa ń dùn.

Lọ́sàn-án, Pauline gbé oúnjẹ wá. Kò bojú. Ọsibítù ti ní kó padà sẹ́nu iṣẹ́, ó sì ti sọ fún wọn pé òun kò ní wọ yàrá ìfọṣọ yẹn títí òun yóò fi rí ọ̀pá abẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú ojú òun. Mo bi í bóyá inú rẹ̀ dùn wàyí. Ó ní, "Ti Philippe ti yé mi. Tìrẹ ni kò tíì yé mi."

Ó ká aṣọ rẹ̀ sókè, ó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò. Kò sẹ́ni tó lè dá a dúró. Ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó ti ọwọ́ òsì rẹ̀, èyí tí ìka rẹ̀ lẹ̀ mọ́ra, bọ abẹ́ ọ̀pá tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ó ń fà á lọ díẹ̀díẹ̀. Ó dúró níbì kan. Ó yọ ọwọ́, ó nà án sí wa. Ìpẹtà pupa ló wà lórí ìka rẹ̀: ọ̀dà kò dé ibẹ̀.

"Ẹ tún un ṣe," ló wí.

Àwa méjèèjì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.