Àna Mi Kò Pè Mí Ní Àna Mọ́

Ìkọ̀lé Èkìtì,
Ọjọ́ Ajé lẹ́yìn ìkórè ìjọ wa.

Ìgbẹ́kẹ̀lé ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà ní Agége níbẹ̀? Ṣé ariwo ẹ̀rọ bísíkíìtì tí ẹ ń bá ṣiṣẹ́ kò tíì dí ọ létí? Ewúrẹ́ wa ti bí ìbejì, a kò sì dákẹ́ àdúrà lórí rẹ. Obìnrin tó máa ń gbé fóònù rẹ ni kò jẹ́ kí n bá ọ sọ̀rọ̀, ni mo ṣe ní kí n kọ̀wé.

Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ ìsinmi, ìyá kan pè mí láti Onígbòǹgbò, wọ́n ní àwọn kí àna àwọn. Orí mi wú! Ẹnikẹ́ni ò pè mí bẹ́ẹ̀ rí. Mo wá ń ro ọ̀rọ̀ náà síwá sẹ́yìn. O lè fẹ́ràn ẹni tí kò fẹ́ràn rẹ, ṣùgbọ́n àna kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń dá jẹ́. Ọwọ́ ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún ni. Ẹni tó bá ń dá a jẹ́, àlá ló ń lá. Ni èmi náà bá dáhùn pé ẹ ṣeun, àna mi. Bẹ́ẹ̀, o fún wọn ní nọ́ńbà mi kí o tó fún mi lórúkọ wọn!

Wọ́n ní Stella tí o ń fẹ́ lọmọ wọn. Inú mi dùn, mo ní èmi àti Stella ti mọra tipẹ́, ṣé òun ló máa ń gbé fóònù rẹ láàárọ̀ àti lálẹ́, àbùkù rẹ̀ kan ni pé kì í kí èèyàn. Wọ́n ní Stella kò fọwọ́ kan fóònù rẹ rí, ilé àwọn ló ń sùn.

Àná ni mo jẹ́ àna. Lónìí tí mo pè wọ́n, Ìyá Ìgbẹ́kẹ̀lé lásán ni wọ́n pè mí. Wọ́n ní Stella ń sunkún. Ó dùn mí wọra.

Ta wá ni obìnrin yìí? Mo máa ń pè é ní ìyàwó mi, òyìnbó kan náà ni yóò sọ fàà, yóò sì pa fóònù. Ọlámijùlọ ọmọ tíṣà ní ẹ̀rọ ni. Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rọ wo ló mọ ẹ̀bẹ̀ débi tí yóò kọ́kọ́ máa sọ pé sọ́rì?

Jọ̀ọ́, fi owó káàdì ránṣẹ́ kí n lè bẹ̀ wọ́n, kí ìwọ náà lọ dọ̀bálẹ̀ ní Onígbòǹgbò. Bá mi gba àna mi padà, adùn rẹ̀ kò tíì tán lẹ́nu mi.

Ẹni tí o bá pè ní tìrẹ, yóò pe ìwọ náà ní tirẹ̀. Ohùn ẹlòmíì kò ní dá ọ lóhùn. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ, Tinúadé,
àna wọn, bí Ọlọ́run bá fẹ́.