A Ti Ṣe Fìdáù Onírùngbọ̀n Kó Tó Padà Dé

Abúlé Ìdí-Ìyá,
Lẹ́bàá Ìwó,
Ọjọ́ kejì oṣù kẹta, ọdún 1989.

Sùlàímọ́nù ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé àwọn tí ò ń bá kan àga ní Àbújá ń sanwó? Èmi ìyá rẹ, Ràdíátù, ni mo ń fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí, torí mo ti parí ìwé kejì nílé ẹ̀kọ́ àgbà, n kò bẹ ẹnikẹ́ni kó bá mi kọ lẹ́tà mọ́. Ibi tí o bá ti rí i tí ìlà wọ́ lọ sísàlẹ̀, má fi ṣe nǹkan kan, ewúrẹ́ ló fẹ́ jẹ ègé iṣu tí mo sá síta, mo dìde lé e. Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí òòlù já bọ́ lù ọ́ lẹ́sẹ̀, ayùn kò ní yà sí ọ lára, ẹni tó bá gbé iṣẹ́ fún ọ kò ní gbàgbé ilé rẹ lọ́jọ́ owó. Àmín.

Ìkòkò amọ̀ Úṣàfá tí o fi rán Adésànyà onímọ́tò dé, kò fọ́, omi inú rẹ̀ tutù ju ti àmù mi lọ. Adésànyà ní nígbà tí òun wá bá ọ ní Wúsè ní Àbújá níbẹ̀, sànnu tí àwọn Haúsá fi ń kíni lo kọ́kọ́ sọ fún òun kó o tó rántí pé ọmọ Ìdí-Ìyá ni ọ́, tí o wá dọ̀bálẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín títí. Ẹ̀gbọ́n rẹ Gàníyátù kí ọ, ọmọ rẹ̀ Mùlíkàt náà kí ọ, ó ti pé ọmọ ọdún méje, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́.

Ọ̀rọ̀ tó mú mi kọ̀wé nìyí o. Lẹ́tà ìbánikẹ́dùn tí mo fi rán Adésànyà sí ọ lóṣù tó kọjá, èyí tí mo ní kó o bá mi mú lọ sí ọ́fíìsì àwọn tó ni Ọkọ̀ Òkè, bí o kò bá tíì mú un lọ, má mú un lọ mọ́. Bí o bá sì ti mú un lọ, fi gbogbo iṣẹ́ sílẹ̀, sáré lọ gbà á padà kí ẹni tí mo kọ ọ́ nítorí rẹ̀ tó kà á. Sùlàímọ́nù, Onírùngbọ̀n kò kú!

Jẹ́ kí n tò ó fún ọ bó ṣe rí. O rántí Ọkọ̀ Òkè, eré tẹlifíṣàn àwọn tó ń fi ọkọ̀ rìn láàárín ìràwọ̀, tí wọ́n ń wá ibi tí wọn yóò tẹ̀dó sí. Báwo ni wàá ṣe gbàgbé? Ọdún mẹ́ta gbáko la fi wò ó ní pálọ̀ Ọ̀gá Ọláníyan, ọ̀gá ilé-ìwé, gbogbo ìrọ̀lẹ́ Àtàláátà. Wàá ti ṣọ́ọ̀bù Sàkáríyà káfíńtà tó ń kọ́ ọ níṣẹ́ dé pẹ̀lú ìyẹ̀fun pákó lórí, wàá jókòó sórí àpótí tí o fọwọ́ ara rẹ kàn. Onírùngbọ̀n ni ọ̀gá ọkọ̀, àga ńlá àárín ni tirẹ̀. Ìwọ lo sọ lọ́jọ́ kan pé ó jọ bàbá rẹ tó ti kú, pàápàá bó ṣe máa ń fọwọ́ họ ọrùn kó tó fèsì. Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń wo eré náà bí ẹni ń wo ilé ara rẹ̀. Nígbà tó wá di ọdún 1980, wọ́n dá a dúró láì dágbére, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi bí wọ́n ṣe ń da ajílẹ̀ sídìí àgbàdo hàn wá. Ọdún kẹrin lẹ́yìn ìyẹn ni ìwọ náà lọ sí Àbújá.

Nínú oṣù kìíní ọdún yìí ni Ọ̀gá Ọláníyan, tí wọ́n ti fẹ̀yìn tì báyìí, ránṣẹ́ pè mí pé Ọkọ̀ Òkè ti padà dé. Mo wẹ̀, mo wọ aṣọ ọdún, mo wé gèlè. Ọ̀gá ní àwọn ará inú tẹlifíṣàn kò lè rí wa. Mo ní bí wọn kò bá lè rí wa, kí ló dé tí wọ́n ń kọjú sí wa bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀rọ̀? Ó sàn kí wọ́n bá mi pẹ̀lú gèlè.

Kí n má purọ́ fún ọ, inú mi ò dùn lọ́jọ́ àkọ́kọ́ yẹn. Ọkọ̀ náà kì í gbọ̀n mọ́. Ṣé o rántí pé láyé ọjọ́un, bó bá ti fẹ́ gbéra báyìí, gbogbo wọn á máa ṣubú lu ara wọn, ìwọ náà á sì máa gbọ̀n lórí àpótí bí ẹni pé ẹ jọ wọ̀ ọ́ ni. Ìsinsìnyí, wọ́n dúró jẹ́ẹ́ bí ẹni tó wà ní ọ̀ọ̀dẹ̀ ara rẹ̀. Ọkọ̀ tí kì í gbọ̀n, báwo lèèyàn ṣe máa mọ̀ pé ó ń lọ? Ọkọ̀ tó ń ná Ìwó sí Ìdí-Ìyá lásán, ó ń gbọ̀n débi pé ìdí á máa dun èèyàn di ọjọ́ kejì. Inú ọkọ̀ náà wá mọ́ tónítóní bí ọsibítù. Ìyá tó máa ń bu oúnjẹ fún wọn tẹ́lẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́, ihò kan lára ògiri ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀, oúnjẹ gbígbóná á sì yọ jáde. Ta ló sè é? Wọn kì í dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ọkàn mi ń sọ fún mi pé wọ́n ti ti ìyá náà mọ́ ẹ̀yìn ògiri.

Àmọ́ èyí tó dùn mí jù ni àga àárín. Ọmọkùnrin kan tí kò ní irun kan ṣoṣo lágbọ̀n ló jókòó sórí rẹ̀, ó tún gbé ẹsẹ̀ kan lé ìkejì. Bó bá fẹ́ ṣe nǹkan, á kọ́kọ́ bi gbogbo èèyàn léèrè pé kí ni wọ́n rí sí i, bí ẹni pé ìpàdé ẹgbẹ́ ni wọ́n wá ṣe sókè. Kò dárúkọ Onírùngbọ̀n. Kò ní ibi báyìí ló wà. A retí títí ní ọ̀sẹ̀ kejì, a retí ní ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ìwọ náà sáà mọ ìlú wa. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó sórí àga baálẹ̀ nígbà tí baálẹ̀ bá wà láyé. Bó rìnrìn-àjò tó fi lo ọdún márùn-ún, aṣọ la máa da bo àga náà títí yóò fi dé. Nítorí náà, bí a ti rí ẹlòmíràn lórí àga, kò sí ohun tí a tún ń wádìí. Mo ní Onírùngbọ̀n ti kú, wọ́n ń fi ikú rẹ̀ pamọ́ ni. Ọ̀gá Ọláníyan ní bẹ́ẹ̀ kọ́, pé eré lásán ni, pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé wọn kò gbà á síṣẹ́ mọ́ ni. Mo ní ṣé eré ni omi ojú tó jáde lójú rẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ọmọ tó ń bá a wakọ̀? Sẹ̀kínátù ọ̀rẹ́ mi ní òun náà rí omi ojú ọ̀hún.

Ni mo bá ṣe fìdáù fún un. Mo se ìrẹsì, mo pa àkùkọ méjì. Nígbà tí Àáfà fẹ́ bẹ̀rẹ̀ àdúrà, wọ́n ní kí n mú orúkọ òkú wá, pé àwọn kò lè máa ṣàdúrà fún irùngbọ̀n. Mo ronú títí, n kò rí orúkọ kankan. Mo ní kí wọ́n máa pè é ní Yàkúbù. O mọ̀ pé orúkọ bàbá rẹ ni, òun nìkan ló wá sí mi lẹ́nu. Àdúrà náà dùn gan-an.

Lẹ́yìn náà ni mo kọ lẹ́tà ìbánikẹ́dùn. Ìdí tí mo fi ní kí ìwọ mú un lọ ni pé wọ́n ní gbogbo ẹrù ìjọba ni wọ́n ń kó lọ sí Àbújá, tẹlifíṣàn sì jẹ́ ti ìjọba, níbo ni ọ́fíìsì ọkọ̀ náà tún lè wà? Mo tilẹ̀ lọ sí ilé tẹlifóònù ní Ìwó láti fi nọ́ńbà tí o kọ ránṣẹ́ bá ọ sọ̀rọ̀. Mo dúró láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Obìnrin tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ ní tẹlifóònù náà kò dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo ní kó sọ ibi tó dé dúró fún mi kí n lè ti ibẹ̀ fẹsẹ̀ rìn lọ, inú bí i. Àwọn ará Ọkọ̀ Òkè kò lo wáyà, wọ́n sì ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ láti ìràwọ̀ kan sí ìkejì. Ìyẹn ni mo fi mọ̀ pé Àbújá jìnnà ju ìràwọ̀ lọ.

Àmọ́ ní ìjẹta, tó jẹ́ Àtàláátà, a wà ní pálọ̀, Àáfà náà wà níbẹ̀. A rí ọkọ̀ kékeré kan tó ti dógùn-ún, tó ń gbọ̀n dáadáa, tó wá lẹ̀ mọ́ ara ọkọ̀ ńlá. Wọ́n ṣílẹ̀kùn. Ẹni tó wọlé wọ aṣọ tó ti gbó, ó ti gbẹ, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun báláú. Ó dúró, ó fọwọ́ họ ọrùn.

Sẹ̀kínátù figbe ta pé òkú tí òun jẹ ìrẹsì rẹ̀ ló dúró yìí, ó sá jáde pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan. Àáfà dìde, wọ́n ń pe orúkọ Ọlọ́run. Ẹkún ni mò ń sun, inú mi sì ń dùn, ẹ̀rù sì ń bà mí, torí mo ń wo ọmọkùnrin orí àga yẹn, mo ń sọ nínú ọkàn mi pé bó bá fi lè bi í pé ta ni ọ́, n kò ní wo eré yìí mọ́ láyé.

Sùlàímọ́nù, ó dìde. Kò rán ẹnikẹ́ni sí i, kò béèrè ìwé lọ́wọ́ rẹ̀. Bó ṣe rí i ló dìde lórí àga, gbogbo àwọn yòókù sì dìde. Ọ̀gá Ọláníyan ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Ọmọkùnrin náà ní ẹ wá jókòó, pé òun kàn ń bá yín tọ́jú àga náà ni. Onírùngbọ̀n ní òun kò wá nítorí àga. Ó ní ọkọ̀ tí òun lọ wá fún ara òun ti bàjẹ́, òun kò ní nǹkan kan lọ́wọ́, ojú ń ti òun láti wá lọ́wọ́ òfo, ìyẹn ló jẹ́ kó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Ó ní òun kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ṣì máa ń jókòó pa pọ̀ jẹun. Ibẹ̀ ni bátìrì tẹlifíṣàn kú, a kò mọ̀ bóyá wọ́n jẹun.

Mo ti dárí ji ọmọkùnrin náà. Kò burú bí kò ní irùngbọ̀n, ilé ló kọ́ ọ.

Wàyí o, Adésànyà kò fẹ́ sọ, èmi ni mo fi àmàlà àti ẹran bẹ̀ ẹ́ lọ́fun tó fi sọ. Ó ní o kò ní ṣọ́ọ̀bù tìrẹ, pé àárín pákó ní ṣọ́ọ̀bù ẹni ẹlẹ́ni lò ń sùn ní Wúsè, o sì ní kí òun má sọ fún mi. Ó ní o búra pé o kò ní wálé títí tí ọwọ́ rẹ yóò fi tẹ nǹkan. Ọdún karùn-ún rèé. N kò bínú sí ọ rárá. Ojú rẹ ni mo fẹ́ rí, n kò fẹ́ rí nǹkan mìíràn.

Mùlíkàt ló ń jókòó sórí àpótí rẹ ní pálọ̀ Ọ̀gá Ọláníyan báyìí. Lọ́jọ́ tí a jẹ ìrẹsì fìdáù yẹn, ó wá dúró tì mí, ó bi mí pé ṣé Bọ̀ọ̀dá Sùlàímọ́nù náà ti kú ni, tí òun fi ń jókòó sórí àpótí wọn. Mo gbá a létí. Ìgbà tí mo gbá a tán ni mo wọ yàrá, mo sunkún. N kò tíì lè dá a lóhùn títí di ìjẹta.

Ọ̀gá Ọláníyan ní eré náà yóò parí ní Àtàláátà tó ṣáájú ààwẹ̀. Mo fẹ́ owó tí a ó fi gba iná sí bátìrì ní Ìwó, mo fẹ́ owó páànù méjì torí òjò ń wọ ẹ̀yìnkùlé, mo sì fẹ́ owó tí n ó fi ra àkùkọ méjì mìíràn. Má fi rán Adésànyà. Fi ọwọ́ ara rẹ mú un wá. Bí èyí tó wà lọ́wọ́ rẹ kò bá ju owó ọkọ̀ dé gáréèjì Ìwó lọ, fi gbogbo rẹ̀ wọkọ̀, kí òjò máa wọlé.

Ọlọ́run yóò la ọ̀nà fún ọ, ìrìn rẹ yóò rọrùn, ẹsẹ̀ rẹ kò ní kọ, ìwọ àti dẹ́rẹ́bà tó bá gbé ọ bọ̀ yóò gúnlẹ̀ láyọ̀. Mo ti dá Mùlíkàt lóhùn. Mo ní ìwọ lo kan àpótí náà, pé o wà láyé, pé o ń bọ̀. Ó ní kí n kọ ọ́ síbí fún ọ pé bí o bá ti ń yọ lẹ́nu ọ̀nà, òun á dìde.

Èmi ni ìyá rẹ,
Ràdíátù.