Ẹ Má Tíì Ta Sípánà Yín, Bàbá

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Ẹ kú ilé, Màámi. Àsàlámù àléékùm. Èmi Sìkírá yín ló kúnlẹ̀ kí yín láti Glasgow níbí, níbi tí òjò ti ń rọ̀ láti àárọ̀ bí ẹni pé wọ́n bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́. Ẹ kú ìtọ́jú ilé, ẹ kú àdúrà lórí wa. Mo kí Bùrọ̀dá Múfú ẹ̀gbọ́n mi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi sí i díẹ̀, ẹ ó sì rí ìdí rẹ̀ láìpẹ́. Wálíù ọkọ mi ní kí n bá òun dọ̀bálẹ̀ fún yín. Hàlímà ọmọ wa ti pé ọdún mọ́kànlá. Ó ti ga dé èjìká mi, ẹnu rẹ̀ sì ti ga jù mí lọ.

Bàbá, mo mọ̀ pé ẹ kì í fẹ́ kí ọ̀rọ̀ ilé yín jáde síta. Ẹ má bínú. Mo ní kí wọ́n tẹ lẹ́tà yìí jáde kí gbogbo ayé kà á nítorí àwa ọmọ oníṣẹ́ ọwọ́ pọ̀ nílùú òyìnbó, púpọ̀ nínú wa kò sì tíì sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fún bàbá wa.

Ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn tí a sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ sọ fún mi pé ẹ fẹ́ pa ṣọ́ọ̀bù kẹ̀kẹ́ yín tì. Ẹ ní Bùrọ̀dá Múfú ti bá ẹni tó ń ra irin àlòkù sọ̀rọ̀, pé yóò wá kó gbogbo sípánà, pọ́ǹpù àti irin tí ẹ fi ń tọ́ rìmù táyà tó bá wọ́ ní ìparí oṣù yìí. Ẹ ní orúnkún ń dùn yín, mo gbà. Ẹ ní kẹ̀kẹ́ ológeere kò pọ̀ ní Mushin mọ́ bíi tàtijọ́, pé kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ló kún títì, pé àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta yọ́gọ́ọ̀tì nìkan ló kù tó ń wá sọ́dọ̀ yín, mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹ tún sọ ọ̀rọ̀ kan tí kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Ẹ ní iṣẹ́ tí ẹ fi ogójì ọdún ṣe kò wúlò fún ẹnì kankan nínú àwọn ọmọ tí ẹ fi bọ́, pé kí wọ́n kúkú yọ́ irin náà kí wọ́n fi ṣe ìkòkò. Mo ní ẹ kú ìsinmi, mo sì pa fóònù. Ojú ló tì mí, torí èmi gan-an ni mo sá fún gírísì yẹn jù. Nígbà tí mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ girama, ẹ̀yìn ọjà Ọjúwòyè ni mo máa ń gbà délé kí àwọn ẹgbẹ́ mi má baà rí mi níbi tí mo ti ń kí yín níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ó dùn mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí. Ẹ dárí jì mí.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Sátidé tó kọjá fún yín.

Mo gba ìsinmi ọjọ́ méjì lẹ́nu iṣẹ́. Ẹ mọ̀ pé ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ìyá arúgbó mẹ́sàn-án ló wà lábẹ́ mi, èmi ni mo ń wẹ̀ wọ́n, èmi ni mo ń ya irun wọn, mo sì mọ èyí tó ń parọ́ pé òun ti lo oògùn. Iṣẹ́ náà tẹ́ mi lọ́rùn. Ohun tó ń ṣe mí ni pé bí mo bá jáde níbẹ̀, kò sí ẹni tó ń pe orúkọ mi lójú ọ̀nà. Mo lè rìn láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ọ̀nà mi kí ẹnikẹ́ni má kí mi. Wálíù rí i pé ara mi ò yá, ló bá ní ká lọ lo òpin ọ̀sẹ̀ níbi òkè kan tó wà ní gúúsù ibí, ká lọ gun kẹ̀kẹ́.

Bàbá, ẹ ò rí irú rẹ̀ rí. Òkè ńlá ni, igbó bò ó láti ìsàlẹ̀ dé orí, inú igbó náà ni wọ́n sì la ọ̀nà sí fún kẹ̀kẹ́ nìkan. Ọkọ̀ ò gbọdọ̀ débẹ̀. Ọ̀nà tóóró ni, ó ń lọ́ láàárín igi, ó gba orí gbòǹgbò, ó gba orí òkúta, ó gba orí afárá pákó. Wọ́n fi ọ̀dà pín àwọn ọ̀nà náà lójú pátákó. Aláwọ̀ ewé ni ti ẹni tó ń kọ́ṣẹ́, aláwọ̀ búlúù ni ti ẹni tó ti mọ̀ ọ́n díẹ̀, pupa ni ti ẹni tó láyà, dúdú sì ni ti ẹni tí ìyá rẹ̀ kò sí nítòsí láti pariwo mọ́ ọn. Ojú ọ̀nà búlúù ni Hàlímà ń wò láti ilé, torí ó ti ń gun kẹ̀kẹ́ ní ilé ẹ̀kọ́ wọn.

Wálíù yá kẹ̀kẹ́ mẹ́ta ní ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí mọ́tò ń dúró sí. Kò bi mí bóyá mo mọ̀ ọ́n gùn. Láti ìgbà tí ó ti fẹ́ mi ni mo ti ń fọ́nnu pé ọmọ oníkẹ̀kẹ́ ni mí ní Mushin, kò sì sí ẹni tí yóò gbọ́ ìyẹn tí yóò tún béèrè. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ òótọ́. Nínú ṣọ́ọ̀bù yín, ọmọ kankan kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́ oníbàárà. Ẹ ní àmánà ni, àti pé ẹni tó fi kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ kò fi í sílẹ̀ fún ọmọ yín láti máa fi ṣeré. Ohun tí ẹ gbà wá láyè láti ṣe ni pé kí a máa tì í. Bí ẹ bá tún ọ̀kan ṣe tán, èmi ni mo máa ń tì í lọ dé ìkángun àdúgbò tí mo sì máa ń tì í padà, tí màá gbára lé e, tí màá máa fetí sí i. Bó bá dún, ẹ ó tún un tú. Bí kò bá dún mọ́, ẹ ó ní ó ti dákẹ́, kó máa lọ. Ìdí nìyẹn tí mo fi mọ ohùn kẹ̀kẹ́ ju ohùn àwọn ẹbí wa mìíràn lọ, síbẹ̀ tí mo pé ọdún méjìlélógójì láìgun ọ̀kan rí.

Wọ́n kó kẹ̀kẹ́ fún wa. Ọwọ́ mi kàn gba ti Hàlímà, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tì í. Mo gbọ́ ọ níwájú, ohùn kékeré kan, kẹ́, kẹ́, kẹ́. N kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Mo ṣe bí ẹ ti máa ń ṣe, mo dojú rẹ̀ dé, mo fi ìjókòó àti ọwọ́ rẹ̀ dúró nílẹ̀, táyà méjèèjì kọjú sí ọ̀run. Ọkùnrin onírùngbọ̀n funfun tó ń yá ènìyàn ní kẹ̀kẹ́ sáré jáde, ó na ọwọ́ méjèèjì sókè bí ẹni tó rí ọmọ lójú kànga. Ó ṣàlàyé fún mi pé òróró ló wà nínú bíréèkì àwọn kẹ̀kẹ́ yìí, pé bí wọ́n bá dojú rẹ̀ dé, atẹ́gùn lè wọ inú rẹ̀ kó má mú mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́. Ìyẹn ò sí nígbà tiwa. Àwọn ènìyàn tó tò sẹ́yìn wa ń wò mí. Mo wẹ̀yìn, Hàlímà ti lọ sá pamọ́ sẹ́yìn mọ́tò nítorí ìtìjú mi. Mo rí ara mi lẹ́yìn ọjà Ọjúwòyè kedere.

Ṣùgbọ́n ọmọ mi ni yóò fi táyà yẹn sọ̀ kalẹ̀ láti orí òkè. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé táyà iwájú ń dún. Ó ní àwọn ti yẹ gbogbo wọn wò láàárọ̀. Wálíù rọra fà mí láṣọ, ó ní ká má fa wàhálà lẹ́sẹ̀ nígbà ìsinmi. Mo ní n kò ní kúrò níbẹ̀. Ọkùnrin náà gbé kẹ̀kẹ́ kọ́ sórí irin rẹ̀, ó yí táyà, kò dún. Ó wò mí. Mo sọ fún un pé kò ní dún bẹ́ẹ̀, pé kó gbé e sílẹ̀, kó gbára lé e dáadáa kó sì máa tì í. Ó tì í. Kò tó ìṣísẹ̀ mẹ́wàá tó fi gbọ́ ọ, ó sì dúró. Ó kúnlẹ̀, ó fọwọ́ kan irin tó gba àárín táyà kọjá, ìka méjì ló fi yí i. Ẹni tó dè é kò dè é dópin.

Ojú tì í. Ó sọ fún Wálíù pé bí ọmọ náà bá ti kọlu òkúta àkọ́kọ́, táyà yẹn lè yọ. Ó tún un dè, ó sì ní kí wọ́n yẹ gbogbo èyí tó kù wò kí ẹnikẹ́ni tó jáde. Lẹ́yìn náà ló béèrè ibi tí mo ti kọ́ṣẹ́. Mo ní Mushin, lọ́dọ̀ bàbá mi. Ó ní kí n bá òun kí yín, pé òun kò ní ẹni tó ń gbọ́ kẹ̀kẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú àwọn tó ń bá òun ṣiṣẹ́. Bàbá, orí mi wú. Mo fẹ́ kí gbogbo àwọn tí mo kàwé pẹ̀lú wà níbẹ̀.

Òun náà ló wá bi mí ọ̀nà wo ni èmi fẹ́ gùn. Irọ́ mi tú. Mo ní n kò mọ̀ ọ́n gùn. Wálíù rẹ́rìn-ín títí tó fi jókòó sílẹ̀, kò sì tíì dáwọ́ dúró dòní. Hàlímà jáde lẹ́yìn mọ́tò, ó ní òun yóò kọ́ mi.

Kí Hàlímà tó gun kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, mo tì í lọ mo tì í bọ̀, mo ní ó ti dákẹ́, kó máa lọ. Ó bi mí ìtumọ̀ rẹ̀, mo sọ fún un. Ní ọ̀nà aláwọ̀ ewé, ó di ìjókòó mi mú, ó ń sáré tẹ̀lé mi. Mo ṣubú lẹ́ẹ̀mẹta, ẹrẹ̀ wọ inú akoto mi títí dé ìborùn. Ní ẹ̀ẹ̀kẹrin, mo gbọ́ tó fi Yorùbá rẹ̀ tó dà bíi ti òyìnbó sọ lẹ́yìn mi pé ó ti dákẹ́, kó máa lọ. Ó fi mí sílẹ̀. Mo sì ń lọ! Igi ń kọjá lápá ọ̀tún, igi ń kọjá lápá òsì, èmi ọmọ yín ń lọ lórí afárá pákó, mo ń pariwo pé, Bàbá mi o. N kò rántí bí wọ́n ṣe ń dúró, inú koríko ni mo parí sí. Ní Sọ́ńdè, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jọ gun ọ̀nà búlúù.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, Hàlímà ní òun fẹ́ kí bàbá àgbà kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń gbọ́ kẹ̀kẹ́. Mo sọ fún un pé ẹ fẹ́ pa ṣọ́ọ̀bù tì, pé àwọn oníyọ́gọ́ọ̀tì nìkan ló kù tó ń gbé kẹ̀kẹ́ wá. Ó béèrè pé ta ni yóò máa gbọ́ ti àwọn tó ń fi kẹ̀kẹ́ ta yọ́gọ́ọ̀tì.

Nítorí náà, Bùrọ̀dá Múfú, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ fún onírin àlòkù yẹn kó má wá. Bàbá, bí orúnkún bá ń dùn yín, ẹ ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, ẹ sinmi, ẹ ti lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ fi àwọn sípánà sílẹ̀ níbi tí wọ́n wà. Ní ọlidé gígùn, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń bọ̀. Orí àga ni ẹ ó jókòó sí, Hàlímà ni yóò máa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sídìí kẹ̀kẹ́. Ẹ ní iṣẹ́ yín kò wúlò fún ẹnì kankan nínú wa. Ọmọ mi wà láàyè, eyín rẹ̀ pé, ẹ̀yin lẹ ṣe é.

Mo ní ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo. Kí a tó dé, ẹ bá mi wá kẹ̀kẹ́ kan tí kì í ṣe ti oníbàárà. Ẹ tún un ṣe fúnra yín. Mo fẹ́ gùn ún gba iwájú ọjà Ọjúwòyè, ní ọ̀sán gangan, títí dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù yín, kí n sì kí yín níbẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn.

Ọlọ́hun yóò fún yín ní àlàáfíà àti ẹ̀mí gígùn, ẹ ó fojú rí wa, ẹ ó fọwọ́ kàn wá. Ẹ bá mi kí gbogbo ará àdúgbò, àti àwọn oníyọ́gọ́ọ̀tì.

Èmi ni ọmọ yín, ọmọ oníkẹ̀kẹ́,
Sìkírátù